Hard disk, àpótí ọ́fíìsì, àbí kíláòdù: níbo ni kí ará Ìlọrin tọ́jú fáìlì rẹ̀ sí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alfa kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Taiwo wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke. Ó fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé hard disk kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi gbọ́ ohùn rẹ̀." Mo fi í sí kọ̀ǹpútà, mo dẹtí sí i. Kẹ́-kẹ́-kẹ́, á dákẹ́; kẹ́-kẹ́-kẹ́, á tún dákẹ́. Ìgbéyàwó mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, méjì nínú wọn ni kò sì tíì fi lé àwọn tó ni ín lọ́wọ́.

"Alfa, ẹ̀dà kejì ńkọ́?"

"Ó wà, Ọ̀gá. Inú ẹ̀ náà ló wà. Fódà méjì ni mo dá a sí."

Mi ò rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe jáde ni mo mú bírò. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń gbé wá bá mi, ayàwòrán o, onílé-ìwé o, akẹ́kọ̀ọ́ o: "Èwo ló pọ́ọ̀kú jù?" Èmi kì í fi ọjọ́ tí èèyàn ń kó fáìlì wọlé díwọ̀n rárá. Ọjọ́ tó bá fẹ́ gbà á padà ni mo máa ń wò. Lọ́jọ́ yẹn, yóò pẹ́ tó ìgbà wo? Èló ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Àti pé, ilé tí ó kó o sí, ṣé ó ṣì dúró?

Àwọn mẹ́rin tí a ń fi wéra

Èkíní ni hard disk tí a ń tì bọ USB, èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ gbogbo wa. Èkejì ni àpótí tí wọ́n ń pè ní NAS: hard disk méjì tàbí mẹ́rin nínú àpótí kan, tí wáyà so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì kí gbogbo kọ̀ǹpútà lè máa lò ó pọ̀. Ẹ̀kẹta ni irú Google Drive, OneDrive àti Dropbox, tí èèyàn ń ṣí lórí fóònù. Ẹ̀kẹrin ni ibi ìpamọ́ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò, irú S3 ti Amazon tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tàbí B2 ti Backblaze. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń da fáìlì sí níbẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu, torí èèyàn kàn ń dà á sínú ẹ̀ ni. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin yìí ni wọ́n ń pè ní kíláòdù.

Kí á tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀nà. Ká ní íntánẹ́ẹ̀tì yín ń fi fáìlì ránṣẹ́ ní mẹ́gábíìtì 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì ń fà á wálẹ̀ ní 20. (Bíìtì ni mo wí o, kì í ṣe báìtì. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe.) Ìgbéyàwó kan tí Alfa bá fi kámẹ́rà méjì yà láti àárọ̀ dé alẹ́ lè tó 100 gíìgì. Bí ó ṣe máa rí nìyí:

| | Kíkó 100 gíìgì wọlé | Gbígbà á padà | Bí iná bá jó ọ́fíìsì |
|---|---|---|---|
| Hard disk orí USB 3 | bí ìṣẹ́jú 17 | bí ìṣẹ́jú 17 | ó bá a lọ |
| NAS orí wáyà gígábíìtì | bí ìṣẹ́jú 15 | bí ìṣẹ́jú 15 | ó bá a lọ |
| Irú Google Drive | bí wákàtí 44 | bí wákàtí 11 | ó ṣì wà |
| Bọ́kẹ́ẹ̀tì | bí wákàtí 44 | bí wákàtí 11, wọ́n sì lè gbowó | ó ṣì wà |

Wákàtí 44 yẹn, bí iná ò bá lọ ni o, bí dátà ò bá tán ni, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá já ni. Bí ó bá di tẹ́ràbáìtì kan gbáko, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, ó ti di ọjọ́ 18 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ní kí Alfa kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí kíláòdù, kò tíì bá a gbé rí.

Ohun tó wà nínú kíláòdù gan-an

Òyìnbó pè é ní àwọsánmà, ṣùgbọ́n ilé ni, ilé tó kún fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ atútù ń kùn nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Hard disk tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irin ọ̀run. Ó ń kú bí ti Alfa ṣe ń kú. Ní 2007, àwọn oníṣẹ́ Google tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí hard disk tó ju 100,000 lọ. Ohun tí mo rí dì mú jù níbẹ̀ nìyí: bí hard disk bá ti rí àṣìṣe lójú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tó ń yẹ ara rẹ̀ wò, ó fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín 60 ọjọ́ ju èyí tí kò ṣe é lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ yín bá ti ń kìlọ̀, ẹ má ṣe dúró de òpin oṣù.

Bí ó ṣe wá jẹ́ tí fáìlì kì í sọnù níbẹ̀, ọgbọ́n méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ọgbọ́n ẹ̀dà. Nínú ètò ìpamọ́ tí Google ṣàlàyé ní 2003, ègé-ègé mẹ́gábáìtì 64 ni wọ́n ń gé fáìlì sí, wọ́n á sì fi ẹ̀dà mẹ́ta ègé kọ̀ọ̀kan sí orí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dára, àmọ́ ó ń jẹ àyè: tẹ́ràbáìtì kan ń gba ibi mẹ́ta.

Ọgbọ́n kejì ni kí n fi ìṣirò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣàlàyé. Ká ní nọ́ńbà méjì lẹ fẹ́ tọ́jú, 7 àti 5. Ẹ fi 7 sí ilé Màmá ní Òkèlélé, ẹ fi 5 sí ilé ẹ̀gbọ́n ní Adéwọlé, ẹ wá kọ àròpọ̀ wọn, 12, sí ilé àbúrò ní Gàá Àkànbí. Bí omi bá wọ ilé Adéwọlé, ẹ ó lọ Òkèlélé, ẹ ó lọ Gàá Àkànbí, ẹ ó yọ 7 kúrò nínú 12, 5 yín á sì padà wá. Ibi mẹ́ta péré lẹ lò, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà méjì-méjì ì bá lo mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìrìn ẹsẹ̀ yín: ilé méjì lẹ gbọ́dọ̀ dé kí ẹ tó rí ẹyọ kan gbà padà. Ká ní ẹ̀dà ni ẹ ṣe, ilé kan ti tó.

Irú ìṣirò yẹn, tó jinlẹ̀ ju àròpọ̀ lọ dáadáa, ni Reed àti Solomon, onímọ̀ ìṣirò méjì, gbé jáde ní 1960. Facebook lò ó báyìí: ègé mẹ́wàá tó jẹ́ dátà, mẹ́rin tó jẹ́ ìṣirò. Ègé mẹ́rin yòówù tó bá sọnù, nǹkan kan ò bàjẹ́. Tẹ́ràbáìtì kan ò sì gbà ju 1.4 lọ. Àmọ́ bí ègé kan ṣoṣo bá kú, mẹ́wàá ni wọn yóò fà la nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2013 fi hàn pé dátà tí àtúnṣe yìí nìkan ń gbé gba orí súwíìṣì wọn (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra) tó 180 tẹ́ràbáìtì lójúmọ́ kan. Àwọn Microsoft wá pín ìṣirò tiwọn sí agboolé méjì fún Azure, kíláòdù tiwọn, ní 2012: ègé méjìlá ni dátà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, mẹ́fà péré ni wọ́n ń kà láti tún un ṣe. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọpọlọ tó wuyì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí owó ọ̀nà ni wọ́n dín kù, wọn ò wulẹ̀ fi owó ra ààbò.

Ọ̀nà inú ilé yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí igi ni wọ́n ṣe ń so súwíìṣì pọ̀: gbogbo ẹ̀ka á já sí ìtì kan lókè, súwíìṣì ńlá olówó gọbọi. Ẹni tó bá ti há sí ojú Post Office lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà á mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Sango bọ̀ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Offa Garage bọ̀, ibì kan náà lẹ jọ máa dúró sí. Charles Clos, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ilé ìwádìí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn láti 1953, nítorí tẹlifóònù, pé súwíìṣì kéékèèké tó pọ̀, tí a bá hun wọ́n dáadáa, lè ṣe iṣẹ́ ńlá kan. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní San Diego gbé ọgbọ́n yìí wọ inú dátà sẹ́ńtà, ìyẹn irú ilé tó kún fún kọ̀ǹpútà yẹn: súwíìṣì olójú 48 lásán, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, lè so sáfà (àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé náà) 27,648 pọ̀ láìsí pé ọ̀kan há ọ̀kan mọ́. Nígbà tó fi di 2015, Google ṣàlàyé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Jupiter tiwọn, tó lè gbé ju pẹ́tábíìtì kan (gígábíìtì mílíọ̀nù kan) lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá: bí ẹni pé sáfà 100,000 ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní gígábíìtì mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ọ̀nà tiwọn lọ́hùn-ún gbòòrò bí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀nà láti Tanke dé ẹnu géètì wọn ló tóóró. Bí ẹnì kan bá ń polówó kíláòdù fún yín nítorí pé ó "yára", ẹ bi í léèrè pé apá ọ̀nà wo ló ń sọ.

Eko, Cape Town, abẹ́ òkun

Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin nǹkan bí kìlómítà 200 láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìlọrin sí Eko kò ju nǹkan bí kìlómítà 300 lọ, nítorí náà fáìlì tó wà ní Eko kò jìnnà sí wa rárá. Amazon ṣí ibùdó tirẹ̀ ní Cape Town ní 2020, Microsoft ti ṣáájú rẹ̀ dé South Africa ní 2019, Google ṣí ti Johannesburg ní 2024. Àwọn wọ̀nyẹn ń gba abẹ́ òkun kọjá, bí àwọn tó wà ní Yúróòpù.

Ṣé jíjìnnà yìí kàn yín? Fáìlì ńlá kan kò bìkítà fún un. Fáìlì wẹ́wẹ́ ló ń jìyà rẹ̀. Màmá kan tó ni ilé-ìwé ní Ọ̀fà ní èsì ìdánwò ọmọ, fáìlì 3,000, tí kò tó gíìgì méjì lápapọ̀. Bí fáìlì kọ̀ọ̀kan bá ní láti lọ, kó bọ̀, kí òmíràn tó tẹ̀ lé e, tí àlọ àtàbọ̀ kan sì jẹ́ ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ sórí ìdúró lásán, kò tíì gbé nǹkan kan. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí á dì í pọ̀ sínú zip kan fún tẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan." Wọ́n bi mí pé kí ni zip. Mo ní bí ìgbà tí èèyàn di aṣọ òkè ìdílé kan sínú àpò kan ṣoṣo ni, dípò kó máa gbé e wọ mọ́tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àpò ni kí n sọ látàárọ̀.

Ewu abẹ́ òkun wà lọ́tọ̀. Ní 14 March 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́bàá Abidjan. Lọ́jọ́ yẹn, fáìlì ẹnikẹ́ni ò sọnù. Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ló bàjẹ́. Ohun tí ẹ bá máa nílò lónìí, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nítòsí yín. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé náà sì lè jó. Ní 10 March 2021, iná jó dátà sẹ́ńtà OVH kan ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé run, àwọn oníbàárà tó fi ẹ̀dà ìpamọ́ wọn sí ilé kan náà sì pàdánù méjèèjì. Fódà méjì Alfa nìyẹn, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó bóyá ilé kan ni wọ́n ń fi í sí tàbí púpọ̀. S3 gbogbogbòò ń fi sí agbègbè mẹ́ta ó kéré tán. Oríṣi kan wà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ One Zone, ó pọ́ọ̀kú díẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló sì wà.

Kọ́lọ́fín tí owó ń gbà jáde

Amazon sọ pé bí ẹ bá kó fáìlì mílíọ̀nù mẹ́wàá sí S3, kí ẹ máa retí pé ẹyọ kan á sọnù ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n hard disk tó kú ni ìlérí yẹn ń sọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ọmọṣẹ́ yín tó pa fódà rẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ gbàgbé, tàbí káàdì báńkì tó kọ̀ láti san owó dọ́là.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọjọ́ ìgbàpadà ni kí ẹ wò. Ní ibùdó S3 tó wà ní Virginia, tẹ́ràbáìtì kan lóṣù jẹ́ nǹkan bí dọ́là 23. Láti gbé tẹ́ràbáìtì kan náà jáde, 100 gíìgì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ìyókù jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́sàn-án fún gíìgì kọ̀ọ̀kan: ó lé ní dọ́là 80. Ìwọ̀sílẹ̀ ò tó nǹkan, ìjáde ló gọ́ntíọ. R2, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti Cloudflare, kì í gba owó ìjáde rárá. B2 náà ń gbà yín láàyè láti gbé ìlọ́po mẹ́ta ohun tẹ́ ẹ kó síbẹ̀ jáde lóṣù lọ́fẹ̀ẹ́. Oríṣi S3 kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Glacier Deep Archive, tó pọ́ọ̀kú gan-an, àmọ́ ẹ ó bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 12 kó tó jí. Ó dára fún ìwé tí ẹ ò fẹ́ ṣí títí ọdún mẹ́wàá. Kò dára fún ìyàwó tó ń pe fóònù yín lárààárọ̀.

Google Drive ní tirẹ̀ ń fún yín ní gíìgì 15 lọ́fẹ̀ẹ́, OneDrive ń fún yín ní márùn-ún, Dropbox méjì. Ewu tirẹ̀ yàtọ̀: dígí ni, kì í ṣe àpótí. Ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn, òun náà á pa á rẹ́, á wà nínú ààtàn fún ọgbọ̀n ọjọ́, á sì lọ. Àkáǹtì tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún méjì, Google lè pa á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin tẹ́ ẹ̀ ń kó iṣẹ́ ìwádìí yín sí àkáǹtì iléèwé, ẹ ti ṣe ẹ̀dà kan sí àkáǹtì tara yín kí ẹ tó jáde?

NAS nìkan ló kù, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó yára, ó rọrùn fún ọ́fíìsì tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta sókè, bí hard disk kan bá sì kú nínú rẹ̀, èkejì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n iná ìlú wa ni baba ìṣòro. Èmi tí mò ń kọ èyí, iná dé lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ, ó sun hard disk méjèèjì àpótí mi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ro wọ́n sí ẹ̀dà méjì. Láti ọjọ́ yẹn, NAS tí kò bá ní UPS àti ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná, mi ò kì í bá oníbàárà gbé e kalẹ̀.

Ta ni kó mú èwo

Ayàwòrán: hard disk méjì, tí ẹ rà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan máa sùn ní ilé ẹlòmíràn ní apá ibòmíràn ìlú. Peter Krogh, tó jẹ́ ayàwòrán fúnra rẹ̀, ló sọ ọ́ di òfin: ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ìpamọ́ méjì, ọ̀kan níta ilé. Ẹ̀kẹta tiyín ni kíláòdù, àmọ́ fídíò tẹ́ ẹ ti gé parí nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀. Gíìgì mẹ́jọ kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ lórí ìlà wa yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lọ sùn.

Ilé-ìwé: Google Drive pẹ̀lú hard disk kan nínú àpótí onírin. Dátà yín kéré, gíìgì méjì kò tó wákàtí kan. Ohun tó yẹ kó jẹ yín lọ́kàn ni òfin ààbò dátà ti 2023, torí orúkọ àti èsì ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe lo àkáǹtì ara ẹni tíṣà kankan.

Ilé-ìwòsàn aládàáni tàbí ọ́fíìsì lọ́yà: NAS nílé, bọ́kẹ́ẹ̀tì lóde, kí ẹ sì ti fáìlì pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tiyín kó tó jáde nílé. Ìwọ̀nyí nìkan ni mo máa ń ní kí wọ́n sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́: gíìgì 15 ọ̀fẹ́ yẹn tó yín, kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé flash.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ yan fáìlì kan lóṣooṣù, ẹ gbà á padà, ẹ ṣí i. Oníbàárà mi kan ti san owó bọ́kẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́jọ kó tó mọ̀ pé fódà òfìfo ló ń gbé ránṣẹ́.

Ní ti Alfa, òru méjì ni mo fi bá hard disk rẹ̀ fà á, mò ń kó o jáde díẹ̀díẹ̀, mò ń pa á kó lè tutù. Ìgbéyàwó mọ́kànlá ló jáde. Àwọn méjì tí kò tíì fi jíṣẹ́ wà nínú wọn, ó sì dúpẹ́ títí. Ó wá ń ka àwọn mẹ́ta tó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan fún mi. Ẹ̀kẹta ni ti àbúrò rẹ̀ obìnrin.